Ẹ̀wà Tuntun Láti Zaria

Ìdin kan wà tó máa ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà lóko. Maruca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà ṣe fọwọ́ sí irúgbìn ẹ̀wà SAMPEA 20-T lọ́dún 2019, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n mú àbùdá kan lára bakitéríà inú ilẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀wà. Bí ìdin bá jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ á bàjẹ́, á kú.

Àgbẹ̀ tó ń fín oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ lè wá fín in lẹ́ẹ̀mejì péré. Kí ló dé tí kò fi jáwọ́ pátápátá? Àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀wà ò bìkítà fún àbùdá yìí. Kòkòrò inú àpò, lẹ́yìn ìkórè, náà ò bìkítà. Èyí gan-an ni àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í tẹnu mọ́ tó, lójú tèmi.

Àgbẹ̀ lè fi irúgbìn pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà náà bá dé ọjà, ojú lásán ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀wà mìíràn nínú kóńgò. Ó yẹ kí ẹni tó ń rà á lè béèrè irú ẹ̀wà tó jẹ́, kó sì rí ẹni dá a lóhùn.