Kí A Tó Gbé Àdá sí Èéhù Tí Kò Gbérí

 Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìgbẹ́mọ, wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí èéhù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbin kòkó àti ìrẹsì kí wọ́n tó bí mi kò nílò àlàyé lórí ohun tí èéhù jẹ́: ohun tó yọ lójú igi tàbí nídìí kùkùté ni. Èyí tó yọ tán tí kò gbérí ni mo bá wá.

Ìjà àtijọ́ kan wà láàárín èmi àti àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní bí èéhù kò bá ti gbérí, kí a bẹ́ ẹ dànù, pé èyí tó dáa yóò hù rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, òwe ni wọn yóò fi dá yín lóhùn: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òwe náà kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ìrókò tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ni àwọn àgbà ń bá wí. Wọn kò pa òwe náà fún igi tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wí èyí. Etí ikún ni wọ́n ń kọ sí i.

Oúnjẹ tí igi tọ́jú sínú ìtì àti gbòǹgbò ni èéhù kọ́kọ́ ń jẹ. Gbèsè ni. Ìgbà tí ewé bá gbó, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fúnra rẹ̀, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ kí ìgbà yẹn tó dé ti fi gbèsè kún gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí owó kòkó ló rán mi níwèé. Kòkó àgbà tí kò so dáadáa mọ́ ṣeé sọ di ọ̀tun. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ẹ gé e ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, kí ojú ibẹ̀ dà gẹ́rẹ́ kí omi má baà dúró lé e. Kò pẹ́, èéhù yóò yí kùkùté ká. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà yìí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé kòkó tuntun a máa pọ́n, a sì máa so rọ̀ wálẹ̀. Ẹ fi ìka méjì mú un: kò gbẹ, kò ní àpá, ó kàn rọ̀ ni. Tó bá yá, yóò le, yóò sì tutù yọ̀yọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó rí irú rẹ̀, tó pè é ní àìsàn, tó bẹ́ gbogbo rẹ̀, tó sì da ajílẹ̀ lé e. Kùkùté gbígbẹ ló kù fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má máa ya fọ́tò ewé ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án!

Nínú àwọn èéhù tó yí kùkùté ká, ẹ yan ọ̀kan tàbí méjì tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, kí ẹ kó erùpẹ̀ bo ìdí rẹ̀, yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀. Èyí tó yọ lókè kùkùté, bó ti wù kó dán tó, afẹ́fẹ́ lè fà á ya. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yọ ìyókù, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ṣíji bò wọ́n. Àwọn alátakò mi yóò ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ náà ń gé!” Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń bá èyí tí mo yàn du oúnjẹ ni mo ń gé. Ní Japan, àwọn tó ń tọ́ igi kúkúrú sínú àwo, tí wọ́n ń pè ní bonsai, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń tọ̀: ẹ̀ka tó lágbára ni wọ́n ń rẹ́ lórí, wọn a sì fi ewé sílẹ̀ fún èyí tó ń jìjàkadì.

Àrùn nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Gold Coast (Ghana òde òní) ní 1936, kò ní oògùn. Igi tó bá mú, ẹ gé e.

Ó kan igi ẹ̀gẹ́. Ẹ mú ìtì tó ti tó oṣù 8 sí 12, kí ojú rẹ̀ tó 5 sí 7. Orí tútù a máa gbẹ kó tó ta gbòǹgbò. Bí ewé àkọ́yọ bá lọ́ pọ̀, tó sì ní àbàwọ́n ìyeyè, inú igi tí ẹ gbìn ni àrùn ti wá. Ajílẹ̀ kò lè wò ó. Bí orí rẹ̀ bá ṣù jọ, ẹ wá kòkòrò tí ìyẹ̀fun funfun bò lára. Agbọ́n kékeré tí ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn tú sílẹ̀ ní 1981 ló ṣẹ́gun rẹ̀, kì í ṣe àdá.

Ohun kan tún kù tó lè mú kí èéhù má gbérí. Oògùn apakoríko: bí atẹ́gùn bá gbé e kan èéhù, ó lè ká kò.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé àdá sí èéhù, ẹ wú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wò: ṣé omi ló pọ̀ jù, àbí ó gbẹ? Ṣé gbòǹgbò ti jẹrà? Ṣé òjìji ló pọ̀ jù? Ẹ tún ìyẹn ṣe, kí ẹ fi ewé sílẹ̀ fún igi. Bí ó bá ti gbérí tán, kí ẹ wá fi òwe ìrókò yín bá a wí.