Ohun Tí À Ń Tà Lẹ́nu Géètì Ilé Ìwé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, Ìgbẹsà)

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwọn kan lè ní kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ni. Bí a bá rí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a máa ń ní, "Ìyá ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀." A tún máa ń rò pé àìsàn olówó ni sísanra jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní 1990, ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù lágbàáyé kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Nígbà tó fi di 2022, ó ti di ọ̀kan nínú márùn-ún. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ wo àdúgbò wa níbí. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Agbárá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò ráyè dáná. Á fún ọmọ lówó pé kó ra nǹkan jẹ níwájú ilé ìwé. Ta ló ń tà níbẹ̀? Àwa náà ni. Kí là ń tà? Bisikíìtì, súwíìtì, púfú-púfú, mínírà. Ìdí rèé tí ọmọ mẹ̀kúnnù fi lè sanra, kí ẹ̀jẹ̀ má sì tó lára rẹ̀: ṣúgà àti òróró pọ̀, ohun tó ń ṣe ara lóore kò tó.

Mínírà 50cl kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí tíì 10. WHO ní ó dáa kí ti àgbà má ju nǹkan bíi ṣíbí 6 lọ lójúmọ́. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè ní, ìjọba ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú. Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O-Meals ní 2012. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ọmọ kíláàsì 1 sí 3, náírà 70 fún ọmọ kan lójúmọ́. Obìnrin àdúgbò ló ń sè é. Ní January 2024, wọ́n dá a dúró ná. Òfin 2021 náà fi owó orí náírà 10 lé lítà mínírà kan. Ṣùgbọ́n ètò ìjọba ń dé, ó ń lọ. Àwa tí a wà lẹ́nu géètì, a kì í lọ.

Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Èmi náà ta mínírà àti bisikíìtì fún ọdún púpọ̀, mo mọ èrè ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àgbàdo sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, mo rù ú padà sílé. Ó dùn mí gan-an. Ìgbà tí mo wá gé àgbàdo sí méjì, tí iye rẹ̀ bá ti bisikíìtì mu, tí mo sì gbé e síwájú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Mínírà wà lẹ́yìn, mi ò kó o dànù lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀pà, àgbàdo àti ọsàn wà níwájú, kí wọ́n sì wà ní ìwọ̀n tí owó ọmọ ká. Ẹ jẹ́ kí píọ́wọ́tà ṣáájú mínírà. Ẹ jẹ́ kí aṣojú ẹgbẹ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí gbogbo wa jọ fẹnu kò, torí bí ẹnì kan bá dá a ṣe, ẹlòmíràn á gba oníbàárà rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ kó sáré, kó ṣeré.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má pe ọmọ ní "ọ̀bọ̀rọ̀kítí." Ọmọ kọ́ ló yan ohun tí à ń tà fún un.

Ọmọ wa lọ́la wa. A ò ní rí ogun àìsàn lára wọn.