Kí Iṣẹ́ Ìjọba Tọ Ará Ìlú Wá

 

Orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi ni bí ìjọba ṣe lè fi ọgbọ́n tuntun ṣiṣẹ́ fún ará ìlú. Ilé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì, a gbé wọn láti òkè Ọya níbí lọ sílé, kí wọ́n lè fara hàn ní ọ́fíìsì kan pé àwọn ṣì wà láàyè. Inú mọ́tò ni wọ́n sùn mọ́jú. Akọ̀wé wò wọ́n fìrí, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ PTAD sílẹ̀, tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, irú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, wọ́n mú ètò "I Am Alive" jáde. Ẹni tí wọ́n ti yẹ ìwé rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ lè jókòó sílé, kí ó kọjú sí kámẹ́rà fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì jẹ́rìí pé ó wà láàyè.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ìjọba tó bá fẹ́ ṣe ohun tuntun, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, ìrìn wo ni a lè dín kù fún ará ìlú? Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ìyá tí kò ní fóònù ńlá ńkọ́? Bàbá tí kò ríran dáadáa ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa: lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, kí ọ̀dọ́ méjì máa ran àwọn àgbà lọ́wọ́ lórí fóònù. Kí wọ́n má ṣe bi ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà àṣírí báǹkì rẹ̀ o. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ sì kọ̀wé sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa nílé, pé kí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì lè fara hàn láti ibi tó ń gbé.

Bàbá mi ti di olóògbé. Àwọn bàbá tó kù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun inú mọ́tò mọ́.