Kí Ẹ Tó Wó Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ọ̀nà Ọjà: Ohun Tí Mo Rí Ní Àjàṣẹ́

N kò ní pẹ́, torí gbogbo wa la mọ̀ bí ìpàdé wa ṣe máa ń gùn.

Ẹ mọ̀ pé Kútọnu ni mo ti ń kàwé. Nígbà tí a gba ìsinmi ọjọ́ méjì, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo sínú ìwé. Kò jìnnà, bíi 30 kìlómítà ni. Èmi rò pé a máa jẹun, a máa sùn, a máa ya fọ́tò díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá o, ẹsẹ̀ la máa fi rìn ìlú náà já.

Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni! Ilé gogoro méjì ló wà níwájú, ọnà lára ògiri, ọ̀dà oríṣiríṣi. 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú Brazil padà àti àwọn ọmọ wọn, ló mú irú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ mọ́ṣáláṣí. Màmá kan tó ń ta àkàrà nítòsí gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá, ló bá dá sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, Yorùbá tiẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

A dé ààfin Ọba Toffa náà, ẹni tó jọba láti 1874 di 1908. Mùsíọ́mù ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé lásán tó wà lẹ́bàá títì ló gbà mí lọ́kàn jù: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀, fèrèsé olórí róbótó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Mo ní, "Háà! Ilé ọ̀nà ọjà wa rèé!"

Mi ò ní parọ́ fún yín, púpọ̀ nínú wọn ti ń wó. Ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ nípa ilé yíyà, òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní orí ilé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Páànù á jò, omi á wọ inú amọ̀. Àwọn ọmọ ilé á wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n á rò pé àwọn tún un ṣe. Sìmẹ́ńtì ò sì jẹ́ kí amọ̀ mí, ọ̀rinrin á há sínú, ògiri á máa jẹrà láti inú wá. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, Ouadada, tó ń tún àwọn gbàgede àtijọ́ inú àdúgbò ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ bíi tiwa ni o, kì í ṣe ìjọba.

Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ní kí a wó ilé ọ̀nà ọjà, kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé a nílò owó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinúubú, l'Ékòó. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ ní 2016. Ta ló lè dá a padà báyìí?

Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yẹn dáadáa, ṣọ́ọ̀bù lè wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ páànù kí òjò tó dé. Àwa ọ̀dọ́ máa ru igi, a máa po amọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa wá bíríkìlà tó ṣì mọ iṣẹ́ amọ̀, bí ó bá ṣẹ́ku kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ ilé náà, jọ̀ọ́, ẹ fi sórí gúrúùpù kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, pàápàá èyí tó bá fi iwájú ilé hàn.