Ìdárayá àti Ìwọ́ra: Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Obìnrin tó Ní Àrùn Jẹjẹrẹ Ọmú

 

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì lọ́dọọdún ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ìrántí Àgátà Mímọ́, wúńdíá ajẹ́rìíkú ti ìlú Catania, tí ìtàn sọ pé wọ́n gé ọmú rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́. Òun ni alágbàwí àwọn tó ní àrùn ọmú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn mọ bí a ti ń ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Kò sí ìwọ́ra tó lè tú kókó jẹjẹrẹ. Obìnrin tó rí kókó lọ́mú, tó wá ń fi òrí wọ́ ọ láti oṣù dé oṣù, àkókò ìwòsàn ló ń fi ṣòfò. Ilé ìwòsàn ni kí ó tètè lọ. Iṣẹ́ abẹ, oògùn àti ìtànṣán ni ìtọ́jú. Ìdárayá àti ìwọ́ra ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ a máa mú aláìsàn. A sì máa ń sọ fún un pé: «Ìyá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.» Inú rere ni, ṣùgbọ́n ìjókòó pípẹ́ a máa dá kún àárẹ̀ náà. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbani nímọ̀ràn pé kí aláìsàn jẹjẹrẹ máa fi ìṣẹ́jú 30 ṣe ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó ń dín àárẹ̀, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì kù. Ìrìn tó yá díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá yọ àwọn kókó kéékèèké tí Ọlọ́run dá sí abíyá, omi ara lè má rí ọ̀nà kọjá mọ́, apá a sì wú. Láyé àtijọ́, wọ́n a ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ má gbé ohun wúwo mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ìwádìí Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lára obìnrin 141 tí apá wọn wú, fi hàn pé gbígbé irin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtọ́ni kò mú kí apá náà wú sí i. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ nígbín fi ń gun igi: kí ó kọ́kọ́ máa ya irun rẹ̀, kí ó máa fi ìka gun ògiri, kí ó tó kan garawa omi. Àwọn tí à ń pè ní kiné ni yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ní ti ìwọ́ra, ọwọ́ ẹ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀yìn a máa dín ìbẹ̀rù àti ìrora kù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ ibi tí kókó wà, ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná, tàbí awọ tí ìtànṣán ti jó. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá wú lójijì, tó pọ́n, tó sì gbóná, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ará, Màríà Mímọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gun òkè lọ bẹ Ẹlísábẹ́tì wò. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa bá aláìsàn rẹ̀ rìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí Olúwa fún wọn ní ìlera. Àmín.