Ìpín Aláàárẹ̀ Ọpọlọ nínú Ètò Adójútòfò Ìlera



Nígbà tí àwọn àgbà wí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ, ìnáwó wà lára ohun tí wọ́n rí. Ní ìdílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ oko méjì ni a tà nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Nígbà tí owó tán, oògùn tán. Nígbà tí oògùn tán, àìsàn padà.

Ètò adójútòfò kò jìnnà sí èésú. Nínú èésú, olúkúlùkù ni yóò kó owó nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn bá kọlù ni ó kàn. Òfin 1999 ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Òfin 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ó sì ya àpò owó kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, tálákà, àti ẹni tí ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, òfin ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè ti 1958.

Òfin kà wọ́n. Àwa ni a kò kà wọ́n. Ní agbo ilé ìyá mi ní Ọ̀yọ́, mo jókòó nígbà tí a ń ka orúkọ ará ilé fún ìforúkọsílẹ̀. A dárúkọ aboyún, a dárúkọ arúgbó. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọmọkùnrin tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Èmi náà kò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ó gbé mi dé iwájú yín lónìí.

Láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo fi hàn ní Aro, Abẹ́òkúta, pé aláàárẹ̀ ọpọlọ lè gba ìtọ́jú láàárín ará abúlé, kí ẹbí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ń fẹ́: ẹni tí yóò bá a dúró, tí yóò sì bèèrè irú ìtọ́jú ọpọlọ tí owó náà bò.

Lóòótọ́, orúkọ nínú ìwé kì í ṣe oògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kà, a kò lè pín fún un.