Kí A Tó Dá Ẹlẹgbẹ́ Wa Lẹ́bi

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹ́ta nínú wa yóò bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí ẹjọ́ awakọ̀ kan tí wọ́n ní ó fa epo ọkọ̀ tà. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹ̀rí, síbẹ̀ àwa kan ti ń wí pé, “Àwọn ará ìlú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bà wá lẹ́rù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1931, wọ́n mú ọmọkùnrin dúdú 9 nínú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ní Alabama, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin òyìnbó 2 ní wọ́n fipá bá àwọn lò. Níbẹ̀, àwọn ará ìlú tí à ń pè ní júrì ló ń sọ bóyá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n fi dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ 8. Ní 1933, Ruby Bates, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, jẹ́rìí pé irọ́ ni. Síbẹ̀ júrì tó gbọ́ ọ tún dá Haywood Patterson lẹ́bi. Wọn kò pa ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n jẹ ìgbà èwe wọn.

Kí ló fà á? Ọkàn ènìyàn a máa kọ́kọ́ dájọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá ẹ̀rí tó bá a mu. Èyí tí kò bá a mu, etí kì í gbà á. Ẹni tó ń ṣe é kì í sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ní 2006, Samuel Sommers, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn júrì tó kó jọ fún ìdánwò. Níbi tí òyìnbó àti ènìyàn dúdú ti jókòó pọ̀, wọ́n pẹ́ lórí ẹjọ́ náà jù. Àwọn òyìnbó pàápàá mẹ́nu ba ẹ̀rí púpọ̀ sí i, àṣìṣe wọn sì dín kù.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn mẹ́ta wa jẹ́ ọmọ ìlú kan náà tàbí ará ẹ̀ka iṣẹ́ kan náà. Kí wọ́n yẹ ìwé epo wò, kí wọ́n bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu awakọ̀ náà tán. Kí olúkúlùkù kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rí bá dá a lẹ́bi, a ó gbà.

Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tirẹ̀ ni lónìí. Ó lè jẹ́ tiwa lọ́la.